Ẹnìkejì Teryo Tó Kù Sílé

Bí ẹ bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ arúgbó kan ní San Urbano, inú odò ni yóò júwe fún yín. Yóò ní kí ẹ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ yà sọ́wọ́ òsì nídìí igi àjàgbọn, ilé kẹta ni. Ṣọ́ọ̀ṣì wo? Igi àjàgbọn wo? Odò Sinublan ti jẹ wọ́n kí wọ́n tó bí mi. Àwọn àgbà ní odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Òótọ́ ni, tiwa ò fọwọ́ kan ẹja, èèyàn ló mọ̀ ọ́n bò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti tẹ ìlú yìí dó. Àwọn tó kọ́kọ́ dé fi kẹ̀kẹ́ màlúù kó ẹrù wọn wá láti àríwá, wọ́n ń sá fún àwọn òyìnbó Sípéènì tó ń fi tipátipá mú wọn gbin tábà. Wọ́n dé ibí, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n sì gbin tábà, torí ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ nìyẹn. Òkè wà ní ìlà-oòrùn wa, òkun wà ní ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ tó wà láàárín wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀. Odò ń bọ̀ láti orí òkè, ọdọọdún ló ń sún, bó bá sì sún, àwa náà á sún. Ìdí nìyẹn tí ilé wa fi fúyẹ́: ọparun ni ògiri, koríko ni òrùlé, orí òpó ló dúró sí. Bí odò bá ti sún mọ́ ọn jù, ogójì ọkùnrin á ti ọparun gígùn bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e lé èjìká, wọ́n á sì gbé e lọ tòrùlé tòrùlé. Ẹ má rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé ilé tí wọ́n bí mi sí, ààyù tí ìyá mi so rọ̀ sí àjà ò já bọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Siana ni mo fẹ́ sọ, kí n tó bá ọ̀rọ̀ odò lọ. Potenciana ni fadá sọ ọ́, Siana là ń pè é. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Eleuterio ni, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Teryo. Siana fi ọdún méjì jù mí, nítorí náà Manang ni mò ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbí. Òun a máa pè mí ní Ading, torí pé àbúrò ni mo jẹ́. Librada lorúkọ mi gan-an, bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè. Siana kúrú, ọwọ́ rẹ̀ yá lórí òfì, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mo máa ń sọ tèmi, tí mo tún máa ń bá a sọ tirẹ̀.

Oṣù márùn-ún péré ló lò nílé wa kí Teryo tó lọ. Ogun àwọn Japan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Ebi ń pa wá, odò sì ti gé oko bàbá wa sí méjì, ó gbé èyí tó dára lọ. Ni àwọn tó ń kó èèyàn lọ sí oko ìrèké ní Hàwáì bá dé. Wọ́n ní ọdún mẹ́ta. Teryo ní kí ni ọdún mẹ́ta, ó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa kan, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ní tiwa, èèyàn kì í dá wà nínú ara rẹ̀. Ẹnìkejì wà níbẹ̀ tí a kì í rí. Ẹnìkejì yìí gọ̀ díẹ̀, ibi tó bá ti dùn mọ́ ọn, á gbàgbé ara rẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kúrò níbì kan, ìbáà jẹ́ létí odò, ìbáà jẹ́ lóko, ìbáà jẹ́ nídìí sàréè, a ó pe orúkọ ara wa: "Ó yá, jẹ́ ká lọ, má dúró sẹ́yìn." Ẹni tí kò bá pè, ara nìkan ló gbé lọ. Ẹnìkejì kò sì mọ̀ ju ọ̀nà méjì lọ, ibi tí wọ́n fi í sí, àti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Teryo ń lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, mo bá a gbé àpótí rẹ̀ dání. Ó kọjú sí ilé, ó ní, "Teryo, ó yá, jẹ́ ká lọ, má dúró sẹ́yìn." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é, ó ń rẹ́rìn-ín, torí ojú ń tì í. Siana dúró lẹ́nu ọ̀nà lókè, ó di igi ẹnu ọ̀nà mú. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà, mo tiẹ̀ ṣe àmín sí i. Àṣé n ò mọ ohun tí mò ń ṣe àmín sí.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Siana ò lọ sílé ìwé rárá. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà ni mò ń ka lẹ́tà fún un, èmi náà ni mò ń kọ èsì. Teryo ní iṣẹ́ le, ó ní oòrùn ibẹ̀ ò yàtọ̀ sí tiwa. Ó wá kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo abẹ́ ẹní, ẹ wo àjà, bóyá mo gbàgbé nǹkan kan sílé. Ojoojúmọ́ ni mò ń tú àpò mi, n ò sì mọ ohun tí mò ń wá. Mò ń jẹun, n ò mọ adùn rẹ̀. Kọfí tí mò ń mu, omi gbígbóná lásán ni lẹ́nu mi."

Mo gbójú sókè. Siana ń ran òwú, kò wò mí.

"Kí ni kí n kọ sí i, Manang?"

"Kọ ọ́ pé kò gbàgbé nǹkan kan."

Mo kọ ọ́. Ọwọ́ ìwé mi dára gan-an nígbà náà, mo tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà di mẹ́sàn-án. Lẹ́tà tó ń wá lóṣooṣù di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà Kérésìmesì, nígbà tó yá kò wá mọ́. Ará ìlú wa kan tó ti Hàwáì dé ní òun rí Teryo. Ó ní ara rẹ̀ dá, kò fẹ́ obìnrin kankan, ṣùgbọ́n á kàn dúró láàárín yàrá bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú. Bí ọkùnrin yìí ṣe ń sọ ọ́, mo ń wo Siana. Ó dìde, ó lọ fi igi síná tí kò nílò igi.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, abọ́ méjì ló ń gbé kalẹ̀ lálaalẹ́. Àti ìrẹsì, àti ẹ̀fọ́, àti ẹja gbígbẹ, á bu ìdajì sí ọ̀kan, á gbé e sí apá ibi tí àkàsọ̀ wà. Níbí, òkú là ń bu oúnjẹ sílẹ̀ fún. Àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn, èmi ni mo sọ ọ́ lójú rẹ̀.

"Manang, ta ló kú nílé yìí?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú."

"Abọ́ ta wá nìyí? Ṣé ẹ ti sin ẹ̀gbọ́n mi ni, tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ading, jẹ tìrẹ. Bí o ò bá yó, bu nínú tirẹ̀. Òun kì í jẹ ẹ́ tán."

Ẹ gbọ́ èsì. Mo sì bu nínú rẹ̀, torí ebi ń pa mí.

Ọkùnrin méjì tí ìyàwó wọ́n ti kú wá béèrè láti fẹ́ ẹ, ọ̀kan ní ẹfọ̀n mẹ́ta tó ń túlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún àwọn méjèèjì: "Àjò kì í dùn kónílé má relé." Wọ́n padà sílé wọn. Siana padà sídìí òfì. Ọdọọdún ló ń hun aṣọ ìbora kan fún Teryo, aláwọ̀ funfun àti dúdú, ó ká wọn jọ sínú àpótí pẹ̀lú ewé tábà kí kòkòrò má jẹ wọ́n. Mẹ́rìnlá ni mo kà lọ́jọ́ kan tí kò sí nílé. Mo jókòó ti àpótí náà, mo sunkún díẹ̀, mo tún wọn ká bí mo ṣe bá wọn.

Ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, omi dé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Nígbà tó fà, etí odò ti wà lẹ́yìn ilé ìdáná Siana. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n gbé ilé gbogbo àwọn ará àdúgbò rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ìlú wà báyìí. Tirẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀. Tata Imo, baálẹ̀ wa, ẹni tó ń ṣe olórí àwọn tó ń gbé ilé, lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, mo wà níbẹ̀.

"Siana," ó ní, "ṣé odò lo fẹ́ fi ṣe ọkọ ni? Ó ti wá tọrọ rẹ dé ẹ̀yìnkùlé."

"Kò tíì gbé ọtí wá, Tata. Bó bá gbé ọtí wá, ẹ ó gbọ́."

Tata Imo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ó ní bí òjò àkọ́kọ́ bá fi lè rọ̀, òun ò ní lè kó ọmọ ọlọ́mọ wá sábẹ́ ilé tó wà létí bèbè. Ó ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó pe orúkọ ara rẹ̀, ó ní jẹ́ ká lọ, ó lọ.

Mo padà wá lọ́jọ́ kejì, tìbínú tìbínú. Mo bá Siana níbi tó ti ń gbálẹ̀ ìdí àkàsọ̀.

"Manang, ẹ fẹ́ kú ni?"

"Rárá."

"Ẹ wo odò. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ló kù, mo kà á bí mo ṣe ń bọ̀. Kí lẹ̀ ń ṣọ́ níbí?"

Ó gbálẹ̀ dé ìdí ẹsẹ̀ mi, ó dúró.

"Teryo ni."

"Teryo wà ní Hàwáì."

"Ara rẹ̀ ló wà ní Hàwáì." Ó fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀ tí mo dúró lé gan-an. "Lọ́jọ́ tó ń pe ẹnìkejì rẹ̀, èmi náà ń pè é láti òkè. Ó ní, jẹ́ ká lọ. Mo ní, má lọ, dúró tì mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè é. Mo fi ẹyọ kan jù ú, Ading."

N ò mọ ìgbà tí mo sún kúrò níbi tí mo dúró sí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé wa, n ò pè é ní ìwọ rí. Ọjọ́ náà ni mo pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ìwọ Siana. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń tú àpò rẹ̀ kiri ilẹ̀ onílẹ̀. O sì jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé kò gbàgbé nǹkan kan."

"Mo rò pé ọdún mẹ́ta ni. Mo rò pé èyí tó kù síbí ni yóò fà á wálé kíákíá."

"Bí odò bá gbé ilẹ̀ yìí lọ ńkọ́, tòun ti ẹnìkejì rẹ̀?"

"Ìdí tí mo fi ń ṣọ́ ọ nìyẹn."

"O máa ṣọ́ odò? Pè é. Rán an lọ bá ẹni tó ni ín."

Siana jókòó sórí àkàsọ̀. 

"Bí mo bá rán an lọ, kí ni Teryo máa padà wá mú níbí?"

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Oṣù márùn-ún ló fi mọ̀ mí, Ading. Ó ti gbàgbé bí ojú mi ṣe rí. Èmi náà ti ń gbàgbé tirẹ̀, imú nìkan ló kù tí mo rántí dáadáa."

Mo ní mo ka ìwé mẹ́fà. Kò sí èyí tó dáhùn ọ̀rọ̀ yẹn nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo bínú lọ sílé, ọjọ́ mẹ́rin ni n ò fi yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, ẹ má rò pé nítorí ohun tó ṣe nìkan ni. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀, tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé èmi náà ò fẹ́ kó rán an lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ni. Bí ara rẹ̀ bá pé níbẹ̀, tí kọfí dùn lẹ́nu rẹ̀, kí ló fẹ́ wá ṣe ní San Urbano, ìlú tí ilé tó mọ̀ ti di omi? Ojú tì mí, mo sì tún fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe Siana ló ṣe èmi náà, kìkì pé òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Siana ránṣẹ́ sí Tata Imo pé kó kó àwọn ọkùnrin rẹ̀ wá.

Wọ́n dé láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, wọ́n lé ní ogójì. Wọ́n ti tú ilé ìdáná, wọ́n ti yọ àkàsọ̀, wọ́n ti wa ìdí àwọn òpó. Wọ́n ti ọparun bọ abẹ́ ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi èjìká sí i. Ẹnì kan ń fi òmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ pé èjìká rẹ̀ ò ju ti adìyẹ lọ. Tata Imo gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́.

"Siana, pe àwọn èèyàn ilé rẹ ká máa lọ."

Siana dúró síbi tí àkàsọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Siana, ó yá, jẹ́ ká lọ, má dúró sẹ́yìn." Ìyẹn ni gbogbo ayé ń retí. Tata Imo ti fẹ́ kà á kí wọ́n gbé e, ni Siana bá tún la ẹnu.

"Teryo."

 Ọparun wà lórí èjìká wọn lábẹ́ ilé, ẹnikẹ́ni ò sì mira. Siana kọjú sí òkun, ọ̀nà tí ọkọ̀ gbé ẹ̀gbọ́n mi gbà lọ.

"Teryo, ó yá, máa lọ. Má bá mi lọ. Má dúró síbí. Ẹni tó ni ọ́ ti ń wá ọ láti ọjọ́ pípẹ́, èmi ni mo dá ọ dúró. Máa lọ bá a."

Ẹ̀ẹ̀kan ló pè é. Mo ń dúró kó pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò pè é mọ́. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí wọ́n máa gbé e. Wọ́n gbé ilé náà, ó dìde, ó gba àárín oko ààyù kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọgọ́rin lábẹ́ rẹ̀. Siana tẹ̀lé e. Kò wẹ̀yìn. Èmi ni mo wẹ̀yìn, mo rí àwọn ihò òpó àti ilẹ̀ kékeré kan tí ìgbálẹ̀ ti gbá mọ́ tónítóní. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, odò ti gbé e.

Lẹ́tà dé nígbà Kérésìmesì, ọdún kan náà. Orúkọ àwa méjèèjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ Teryo ni, ṣùgbọ́n ó dúró ṣánṣán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kọ́kọ́ fi ojú kà á, mo sì pa á dé.

"Kà á sókè," Siana ní.

"Ó kí wa. Ó ní ara òun le. Ó ní..."

"Ading, ka gbogbo rẹ̀. Irọ́ kan tó láàárín wa."

Mo kà á. Teryo ní láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, òun jí, òun mu kọfí, òun sì mọ̀ pé kọfí ni. Ó ní òun jókòó síbẹ̀, òun mu ife mẹ́ta, òun sunkún. Ó ní láti ọjọ́ náà òun ò tú àpò mọ́. Ó ní obìnrin opó kan wà tó bí ọmọbìnrin kan, òun ti kó sílé wọn. Ó ní kí Siana dárí ji òun, kó má dúró de òun mọ́, ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ò rí ọ̀rọ̀ sọ tẹ́lẹ̀. Fọ́tò kan wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà jókòó lé Teryo lẹ́sẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rẹ́rìn-ín.

Siana gba fọ́tò náà, ó gbé e súnmọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó títí.

"Imú rẹ̀ ni," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tún ibi kọfí yẹn kà fún mi."

Mo tún un kà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, abọ́ kan ló gbé kalẹ̀. Ó mú aṣọ ìbora mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde nínú àpótí, ó yọ èyí tó kéré jù, ó ní kí n bá òun fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà. N ò rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àjò kì í dùn kónílé má relé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ta ló sọ ohun tí à ń ṣe bí ilé bá tẹ̀lé onílé lọ sájò?

Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti rọ̀, Siana á lọ jókòó sétí odò, níbi tó kọjú sí ibi tí ilé wà tẹ́lẹ̀. Bó bá dìde, á gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, á máa lọ, láìpe orúkọ ara rẹ̀. Mo ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó dá mi lójú. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ. Bó bá ti dìde, èmi á pè é láti ẹ̀yìn: "Manang Siana, ó yá, jẹ́ ká lọ, má dúró sẹ́yìn." Á ní, "Ṣé adití ni mí?" Mo ní kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi pè é.

Ó kú ní oṣù kejì tó kọjá yìí, láàárín ìgbà tí à ń wú ààyù. A sin ín sí ibojì tuntun lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí odò ò tíì mọ̀. Nígbà tí a fẹ́ kúrò nídìí sàréè, gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ara wọn, bí àṣà. Èmi náà la ẹnu kí n pe Librada. Siana ni mo pè.

Kò bá mi lọ. Ṣe ló dúró síbẹ̀ bí òkú ṣe ń dúró. Èmi tí n ò pe ara mi ńkọ́? Láti ọjọ́ náà, mo ń mu kọfí, omi gbígbóná ni. Mo ń tú àpò aṣọ mi. Àwọn ọmọ mi ní kí n dìde kí n lọ pe ara mi wálé, wọ́n ní kò jìn, wọ́n á tiẹ̀ gbé mi lọ. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni Siana, ó nílò ẹni tí yóò máa bá a sọ tirẹ̀.